Ebè Méjìlá Ẹgbẹ́ Sabala

Sátidé, 19 Ṣẹ́rẹ́

Owó tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ yá wọn: sídì 1,500.
Owó ìháyà ebè méjìlá lọ́wọ́ Tógbúì Nyaku, ogún sídì ebè kan: 240.
Àlùbọ́sà gbígbìn, apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà, 110 apẹ̀rẹ̀ kan: 660.
Ìgbẹ́ màlúù, ọmọlanke méjì: 120.
Agolo ìbomirin méjì: 110.
Àpapọ̀ ìnáwó: 1,130.
Ó ṣẹ́kù: 370.

Owó náà kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n mo ní láti máa kọ ọ́ sílẹ̀, torí ebè gbọọrọ mẹ́fà mi tó wà lẹ́bàá ọ̀sà ló dúró fún un. Ọmọ mẹ́tàlá ló wà nínú Ẹgbẹ́ Sabala; sabala ni a ń pe àlùbọ́sà níbí. Sitsofe ọmọ mi ni alága wọn. Tíṣà Amuzu tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ òwò ní iléèwé girama wa ní Anloga sọ pé ojú pátákó nìkan kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni lówò. Kí wọ́n yáwó, kí wọ́n fi ṣòwò, kí wọ́n san án padà. Ó pẹ́ jù, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Èbìbí, kí sídì 1,650, owó àti èlé, ti wọlé. Bí kò bá wọlé, ẹgbẹ́ òbí yóò gba ebè mi, wọn yóò fi háyà fún ẹlòmíràn títí owó wọn yóò fi pé, ẹ̀kọ́ òwò náà yóò sì parí síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n béèrè onídùúró ní ìpàdé, gbogbo àwa òbí tẹjú mọ́lẹ̀. Sitsofe kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Bí kò ṣe wò mí yẹn gan-an ló jẹ́ kí n nawọ́ sókè.

Abla ìyàwó mi ní a rán ọmọ lọ síléèwé kó lè bọ́ lọ́wọ́ àlùbọ́sà, iléèwé wá dá a padà sínú àlùbọ́sà, ó tún fẹ́ gba ebè wa mọ́ ọn.

Ọjọ́rú, 23 Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ ń fẹ́. Ètè mi bẹ́. Òróró àgbọn kékeré, sídì 3.

Jímọ́ọ̀, 25 Ṣẹ́rẹ́

Àwọ̀n kún lónìí bí n kò ṣe rí i láti ọdún tó kọjá. Ẹja yọ́yọ́ pọ̀ dé ibi pé ọpọ́n kan wá sílẹ̀ sí sídì 15. Èmi ni mo ń ka ọpọ́n fún ẹgbẹ́ apẹja, n kò sì jókòó láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Elorm, akápò àwọn ọmọ náà, wá ra ọpọ́n mẹ́ta lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́ta, 45. Mo rò pé ìyá rẹ̀ fẹ́ yan án tà ni.

Sátidé, 26 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n gbin àlùbọ́sà lónìí. Mo ń wò wọ́n láti orí ebè tèmi. Ọmọ tó ń gbé ìwé kiri ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ló kúnlẹ̀ nínú iyanrìn yìí, ó ń ki àlùbọ́sà mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, orí sókè, ìdí nísàlẹ̀, ìka méjì láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìlà wọn gún ju tèmi lọ.

Mọ́ńdè, 28 Ṣẹ́rẹ́

Ẹja tí mo kà lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, inú ebè ló wà.

Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn àgbà wa máa ń fi ẹja ṣe ajílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà máa ń sá a gbẹ, wọ́n á gún un, wọ́n á dà á mọ́ ìgbẹ́ màlúù nínú kòtò títí tí kò fi ní rùn bí ọbẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí fẹ́ dín ìnáwó kù, wọ́n fẹ́ dín ọjọ́ kù, wọ́n bo ẹja tútù mọ́lẹ̀ lábẹ́ ebè mẹ́rin. Gbogbo ajá àdúgbò ló gbọ́ ìròyìn náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dojú dé, àlùbọ́sà wà káàkiri bí ìgbà tí ọmọdé da ọmọ ayò nù.

Tógbúì Nyaku tó ni ilẹ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka. "Àlùbọ́sà ti wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀. Ẹ ò bá ti fi ata sí i, kí àwọn ajá lè fi jẹ òkèlè akple."

Wọ́n ṣèpàdé lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà létí oko. Mo ń bomi rin ebè tèmi, etí mi sì wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn kan ní kí Elorm san án, torí òun ló mú àbá ẹja wá. Ọmọ náà ní òun yóò san án. Sitsofe ní kí gbogbo ẹni tó nawọ́ sókè lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí àbá náà tún nawọ́ bó ṣe nà án lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ sókè. Díẹ̀díẹ̀ gbogbo ọwọ́ tó kù tẹ̀ lé e.

Ó ní, "Ó dáa. Gbogbo wa la jẹ ẹ́."

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ apẹja. Ìgbà tí àwọ̀n ya lọ́wọ́ wa kò lóǹkà, n kò rí ọjọ́ kan tí a kò wá ẹnìkan di ẹ̀bi rù.

Tíṣà Amuzu dé lẹ́yìn iléèwé. Mo rò pé yóò bínú. Ó rìn yí ebè náà ká, ó béèrè ẹni tí wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó fi ẹja sí i. Ó ní ta ni wọn yóò bi lọ́la. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Abla ní iṣẹ́ ìjọba dára o, pé kí èèyàn máa gbowó oṣù lórí ìbéèrè méjì.

Túsìdeé, 29 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n gbé àbólò, oúnjẹ àgbàdo tí a fi ewé dì, pẹ̀lú ẹja díndín lọ bá Tógbúì láti tọrọ ìmọ̀ràn. Ó kọ́kọ́ jẹun, ó bú wọn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n hú ìyókù ẹja kúrò, wọ́n dà á sí kòtò pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù. Àlùbọ́sà tí wọ́n ṣà jọ kún apẹ̀rẹ̀ kan. Wọ́n ra apẹ̀rẹ̀ kan kún un, ó sì ti di 120.

Ẹja 45, irúgbìn 120. Ó ṣẹ́kù 205.

Ajá mẹ́ta ṣì dúró ti kòtò náà bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ọdẹ.

Sọ́ńdè, 10 Èrèlè

Ó ti hù. Ebè méjìlá, kò sí èyí tó fò.

Mọ́ńdè, 18 Èrèlè

Omi kànga wọn ti ní iyọ̀. Mo tọ́ ọ wò, ó fà mí lẹ́nu. Etí ewé ti ń pọ́n. Bí ọyẹ́ bá ti pẹ́ báyìí, ohun tí kànga ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà máa ń ṣe nìyẹn. Tèmi náà ti ń yí padà, ṣùgbọ́n àlùbọ́sà tèmi ti dàgbà ju tiwọn lọ, yóò fara dà á.

Omi ẹ̀rọ wà ní iléèwé, ogún pésíwà garawa kan. Ọgọ́ta garawa ni wọ́n nílò lóòjọ́. Sídì méjìlá nìyẹn lójúmọ́. Owó ọwọ́ wọn kò ní tó ọjọ́ méjìdínlógún, ó sì ku ohun tó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó kórè.

N kò sùn dáadáa. Mo ní 300 sídì nínú agolo mílíìkì. Mo lọ bá Tíṣà Amuzu láàárọ̀ pé kó jẹ́ kí n fi kún owó wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi púpọ̀, ó sì kọ̀. Ó ní bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ṣe ìdánwò wọn fún wọn, máàkì yóò sì jẹ́ tèmi.

Ọjọ́rú, 20 Èrèlè

Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n béèrè. Àgbà àgbẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n bi kí oòrùn tó kan àtàrí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: ẹ gbẹ́ kànga tuntun sí ìhà òkun, ẹ má jẹ́ kó jìn. Ibi tí omi bá ti kọ́kọ́ yọjú ni kí ẹ dúró. Omi dídùn ń léfòó lórí omi iyọ̀ bí epo ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ kọjá rẹ̀ ti lu ú já.

Dírọ́ọ̀mù tí wọ́n gé ìdí rẹ̀, tí yóò dá iyanrìn dúró: 70. Sitsofe kò kọ́kọ́ sanwó rẹ̀. Ó lọ bá Tógbúì lórí àga rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, torí mo lọ dá àdá rẹ̀ padà.

"Tógbúì, a fẹ́ gbẹ́ kànga sórí ilẹ̀ yín."

"Ẹ gbẹ́ ẹ. Ṣé mo dì yín lọ́wọ́ mú ni?"

"Bí a bá kó àlùbọ́sà wa tán, ta ni kànga náà yóò kù fún?"

"Ilẹ̀ mi kì í rìn. Èmi ni yóò kù fún."

"A ti gbọ́, Tógbúì. Ẹ wá bá wa dá sí owó dírọ́ọ̀mù."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó yíjú sí mi. "Agbeko, ṣé ìwọ lo bí èyí, àbí o rà á lọ́jà?"

Ó bẹ̀rẹ̀ láti sídì mẹ́wàá. Sitsofe kò dìde. Ogójì ni wọ́n fi orí rẹ̀ tì sí. Mo háyà ilẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó ní ebè tèmi, n kò gba pésíwà kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ó ṣẹ́kù 175. Omi náà dùn.

Ọjọ́rú, 13 Ẹrẹ́nà

Ebè wọn dúdú minimini. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà Keta ń dúró wò ó.

Mo bá Elorm níbi tó ti ń kọ wákàtí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi bomi rin ebè. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń kà á fún nígbà tí kò sẹ́ni tó ń san owó iṣẹ́ fún wọn. Ó ní, "Èfò Agbeko, bí a ò bá ka iṣẹ́ tiwa mọ́ ìnáwó, ẹni tó bá rajà lọ́wọ́ wa ti jẹ wá mọ́ àlùbọ́sà náà."

Mo délé, mo mú ìwé ọdún tó kọjá, mo ka iṣẹ́ tèmi mọ́ ọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Owó tí mo rí lórí ebè mẹ́fà, mo yọ irúgbìn, mo yọ ìgbẹ́, mo pín ìyókù sí iye ọjọ́. Sídì kan àti ọgọ́rin pésíwà lóòjọ́. Àwọn tó ń fa àwọ̀n ń gba mẹ́wàá, wọ́n tún ń gba ẹja lé e.

N kò tíì sọ fún Abla.

Nígbà tiwa, lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni wọ́n kọ́ wa ní kíkọ. Mo mọ ọ́n kọ dáadáa. Mo kọ mọ́kànlélógún.

Sátidé, 30 Ẹrẹ́nà

Wọ́n kórè. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Tèmi mẹ́rìnlá, lórí ebè mẹ́fà. Mo ti ní kí n má ṣe fi wéra, mo sì ti fi wéra.

Ṣùgbọ́n gbogbo Anloga ló kórè lọ́sẹ̀ kan náà. Dáàví Dzigbodi, oníṣòwò àlùbọ́sà, ti dé láti Accra pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá rẹ̀. Iye tó ń pe apẹ̀rẹ̀ kan ni 55, kò sì yẹsẹ̀.

Sọ́ńdè, 31 Ẹrẹ́nà

Ìpàdé wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n sì fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo ṣírò rẹ̀ fún wọn. Apẹ̀rẹ̀ 27 ní 55 jẹ́ 1,485. Owó ọwọ́ wọn 175. Àpapọ̀ 1,660. Gbèsè 1,650. Bí wọ́n bá ta gbogbo rẹ̀ fún Dáàví Dzigbodi lónìí, gbèsè tán, ebè mi bọ́, ẹ̀kọ́ òwò dúró. Mo ní òjò ń bọ̀, àlùbọ́sà a máa jẹrà, owó kì í jẹrà.

Wọ́n gbọ́ mi jáde. Ọmọ kan béèrè iye tí yóò kù fún ọmọ mẹ́tàlá. Mo ní sídì mẹ́wàá. Ẹ̀rín sọ.

Sitsofe dìde. "Fòfó, ẹ ṣeun. Èló lẹ ra irúgbìn tí ẹ gbìn lọ́dún tó kọjá?"

Mo ní ọgọ́fà apẹ̀rẹ̀ kan.

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Gbogbo wa ló mọ̀ pé lọ́wọ́ Dáàví Dzigbodi ni. Òun ló ń rà á lọ́wọ́ wa nígbà ìkórè, òun ló ń fi sókè, òun náà ló ń gbé e padà wá nígbà ìgbìn.

Ó ní, "Àlùbọ́sà yín máa ń lọ gbafẹ́ sí Accra, ẹ̀yin lẹ wá ń sanwó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fún un."

Kò fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára. Ó rọra sọ ọ́ ni. Wọ́n dìbò lórí kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀: mẹ́rin ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́sàn-án ní rárá. Ọmọ bíbí inú mi wà nínú mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yìn náà ni Elorm mú àbá mìíràn wá. Kí wọ́n ta apẹ̀rẹ̀ mẹ́sàn-án, kí wọ́n fi san lára gbèsè báyìí, kí wọ́n fi méjìdínlógún pamọ́ fún irúgbìn. Ó ní onídùúró wọn kì í ṣe ọ̀tá wọn, ó sì yẹ kó rí oorun sùn. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Tíṣà Amuzu jókòó sẹ́yìn títí ìpàdé fi tú.

Mọ́ńdè, 1 Igbe

Wọ́n ta mẹ́sàn-án: 495. Wọ́n san 600 fún ẹgbẹ́ òbí. Gbèsè ku 1,050. Ọwọ́ wọn ku 70.

Mo ta gbogbo mẹ́rìnlá tèmi fún Dáàví Dzigbodi: 770. Mo ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì lójú rẹ̀. Ó ní kí n kí ìyàwó, pé a ó tún ríra nígbà ìgbìn.

Sátidé, 6 Igbe

Wọ́n ti sá àlùbọ́sà gbẹ, wọ́n ti so ó ní ìdì. Wọn kò kó o sójú kan. Ilé ìdáná mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, kó lè máa gba èéfín lókè àjà: tiwa, ti ilé Elorm, àti méjì mìíràn.

Abla ní kí ni wọn yóò san. Sitsofe rò pé ìyá rẹ̀ ń ṣàwàdà.

"Dáàdá, ẹ̀ ń dáná tẹ́lẹ̀ náà."

"Èéfín tẹ́lẹ̀ kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ló ń lọ. Ní báyìí tó ti ríṣẹ́, yóò gbowó."

Àádọ́ta ló pè é. Ọgbọ̀n ni wọ́n parí rẹ̀ sí, títí dé ìparí oṣù Èbìbí. Bí mo ṣe rò pé ó ti tán, Sitsofe ní bí ilé ìdáná kan bá gbowó, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò gbà á. Ó wá di 120. Abla wò mí. Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn, kò sì fẹ́ kí ó hàn.

Sátidé, 27 Igbe

Òjò ńlá láti ìdájí. Ọ̀sà kún dé ẹsẹ̀ igi àgbọn.

Òrùlé ilé ìdáná ìyá Elorm ṣí lápá kan. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Kí n tó débẹ̀, àwọn ọmọ ti pé síbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ àlùbọ́sà káàkiri ilẹ̀ yàrá, wọ́n ń fi aṣọ nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wẹ̀ fún ọmọ tuntun. Wọ́n rí méjì gbà. Méjì ti rọ̀.

Kò sẹ́ni tó wo Elorm ní ìwòkuwò. Èyí tó rọ̀, wọ́n gbé e kiri àdúgbò fún ọbẹ̀, wọn kò rí ju sídì mẹ́jọ lórí rẹ̀. Wọ́n fi sídì mẹ́jọ náà ra ìṣó àti páànù àlòkù láti tún òrùlé náà ṣe.

Ká ní ojú kan ni gbogbo rẹ̀ wà ńkọ́? Mo ronú lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 9 Èbìbí

Àlùbọ́sà ti gbẹ, ó ti súnkì. Wọ́n tún un wọ̀n ní gbogbo ilé ìdáná. Mẹ́rìndínlógún tó yẹ kó kù ti di mẹ́tàlá.

Túsìdeé, 14 Èbìbí

Irúgbìn ti di 90 ní ọjà Anloga. Mẹ́tàlá ní 90 jẹ́ 1,170. Pẹ̀lú 70 ọwọ́ wọn, 1,240. Yọ owó èéfín 120, yọ gbèsè 1,050. Sídì 70 kù. Mo sọ ọ́ fún Sitsofe lórí oúnjẹ alẹ́. Ó ní wọ́n ti ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń dúró.

Alága ẹgbẹ́ òbí kọjá lẹ́bàá ọ̀sà lónìí. Ó kí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ó fi ẹsẹ̀ wọn gígùn ebè mi, ó ń kà lábẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 22 Èbìbí

Òjò ti dáwọ́ dúró láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Iyanrìn gbóná. Kò sẹ́ni tó ń gbìn, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń rà. Ọjà ní 110, ṣùgbọ́n iye ẹnu lásán ni. Apẹ̀rẹ̀ kan kò kúrò nílẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Abla kò bá mi jà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Sitsofe jí ní aago márùn-ún, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú ọ̀run. Mo jókòó tì í. Mo bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ó ní ó ń bà á. Ó ní kì í ṣe nítorí máàkì. Ó ní tí òun bá rántí pé ebè yẹn ni mo fi ń san owó iléèwé òun, ọbẹ̀ kì í dùn lẹ́nu òun. Mo fẹ́ sọ pé ká ní wọ́n ti tà á lóṣù Ẹrẹ́nà. Mo gbé e mì. Ohun tí mo wá sọ ni pé àwọsánmà ìhà Togo ti ń dúdú díẹ̀. Kò dúdú.

Jímọ́ọ̀, 24 Èbìbí

Òjò rọ̀ mọ́jú! Kí n tó jáde nílé, ẹni méjì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń béèrè àwọn ọmọ àlùbọ́sà. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin lọ ní 120. 480.

Túsìdeé, 28 Èbìbí

Mẹ́fà lọ ní 135: 810. Dáàví Dzigbodi dé lánàá pẹ̀lú irúgbìn tirẹ̀, ó ń pè é ní 145, àwọn èèyàn sì ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ wá sílé wa. Ó wá wo ìdì náà fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn èéfín rẹ̀. Ó bi Sitsofe pé ta ló kọ́ ọ. Sitsofe ní, "Dáàví, ẹ̀yin náà kọ́ wa." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ra àbólò fún gbogbo wọn.

Jímọ́ọ̀, 31 Èbìbí

Wọ́n san 1,050 ní ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé. Owó èéfín ti jáde lánàá, 120. Ó ku 190 lọ́wọ́ wọn àti apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta.

Ebè mẹ́fà mi ti di tèmi. Ẹsẹ̀ mi fúyẹ́ lójú ọ̀nà.

Alága ẹgbẹ́ òbí ní inú wọn dùn débi pé wọn yóò yá Ẹgbẹ́ Sabala ní 3,000 fún ìgbà tó ń bọ̀. Mo rò pé àwọn ọmọ yóò pàtẹ́wọ́. Sitsofe wo Elorm, Elorm wo ìwé rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún kan ni agbára àwọn ká. Ọ̀gá iléèwé tún un béèrè bóyá òun gbọ́ dáadáa.

Nígbà tí a jáde, Tíṣà Amuzu bi mí bí mo ṣe rí ẹ̀kọ́ náà sí. N kò mọ bí a ṣe ń yin tíṣà. Mo ní mo ti gbin àlùbọ́sà fún ọdún mẹ́rìnlélógún, ọdún yìí ni mo tó mọ iye tó ń ná mi. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó yà mí lẹ́nu pé kò ní ìbéèrè kankan.

Mọ́ńdè, 3 Òkúdù

Ilẹ̀ ti rọ̀ tán, ó tó ìgbà kí n gbìn. N kò ní irúgbìn. Mo ti ń dúró kí iye wá sílẹ̀, kò wá. Mo bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ nínú ilé ìdáná, lábẹ́ ìdì tó kù. Mo ní kó fún mi ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 110.

"Fòfó, 135 ni ìpàdé fi orí rẹ̀ tì sí."

"Bàbá rẹ ni mí."

"Mo mọ̀. Ìpàdé ló mọ̀ yín sí oníbàárà."

Abla tó ń ro akple ní igun kejì kò yíjú padà, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo ní n kò ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun kò lè dá dáhùn ìyẹn. Ó ránṣẹ́ pe Elorm, wọ́n dúró sẹ́yìn ilé, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n padà wá. Wọ́n ní mo lè gbé e lọ tí mo bá san ju ìdajì. Elorm kọ rìsíìtì. Àfọwọ́kọ rẹ̀ dára. Wọ́n á fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ogún sídì lọ́la, ìyókù á jẹ́ owó ìbẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n sì ti ka ohun tó wà lọ́rùn mi mọ́ ọn.

Mo ti kó irúgbìn náà dé oko. Ó le, ó gbẹ, kò sí èyí tó rọ̀ níbẹ̀. Ká ní ẹlòmíràn ló tà á fún mi, ǹ bá ti yìn ín.

Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, 135 apẹ̀rẹ̀ kan: 405.
Mo san: 250.
Mo jẹ Ẹgbẹ́ Sabala: 155. N kò tíì san án. Alága wọn ti béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó jẹun alẹ́.